Ó ti tọwọ́ bọ̀wé, ọ̀rọ̀ ò tíì tán

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń kọ́ òfin àdéhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti ṣì í. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo ń kọ́ òfin ilẹ̀ Jámánì, mo kọ ọ́ sínú ìdánwò pé ẹni tó bá ti tọwọ́ bọ̀wé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí. Olùkọ́ mi fi bírò pupa kọ ìbéèrè kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: “Ṣé ó lè kọ̀?”

Ẹjọ́ ọmọbìnrin ẹni ọdún 21 kan ló là mí lójú. Ní 1982, bàbá rẹ̀ fẹ́ kí báńkì fi kún owó tó ń yá òun. Báńkì ní àfi kí ọmọ ṣe onídùúró, títí dé 100,000 máàkì, owó Jámánì nígbà náà. Ọmọ yìí ò kọ́ṣẹ́ kankan, kò ní dúkìá. 1,150 máàkì ló ń gbà lóṣù nílé iṣẹ́ ẹja. Òṣìṣẹ́ báńkì ní kó ṣáà fọwọ́ sí i, pé kì í ṣe ẹrù ńlá, fáìlì lòun fẹ́ kó o sí. Nígbà tí gbèsè bo bàbá mọ́lẹ̀, ọrùn ọmọ ni báńkì rọ̀ mọ́. Ilé ẹjọ́ gíga sì dá báńkì láre: ọmọ ọ̀hún ti dàgbà, ó yẹ kó mọ̀ pé ṣíṣe onídùúró léwu.

Ìwọ̀fà ló wá sí mi lọ́kàn. Nílẹ̀ wa láyé àtijọ́, bàbá tó yáwó lè fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà, ọmọ á sì máa sin olówó títí owó yóò fi pé. Ti ọmọbìnrin yìí tiẹ̀ tún burú jù: títí tó fi máa kú, agbára rẹ̀ ò lè ká gbèsè yẹn.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá 1993, ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ òfin orílẹ̀-èdè wọn ní Karlsruhe wọ́gi lé ìdájọ́ náà. Bí ẹrù bá wúwo kọjá ààlà fún ẹnì kan, tó sì jẹ́ pé àìlágbára rẹ̀ níwájú ẹnì kejì ló mú un gbà á, adájọ́ ò gbọdọ̀ kàn wò ó níran. Abala 138 òfin aráàlú wọn, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1900, ti là á sílẹ̀: àdéhùn tó bá lòdì sí ìwà rere, òfo ni.

Ẹ má kàn há abala yẹn sórí o. Ẹni tó rajà wọ́n ò lè tìtorí ìyẹn nìkan sá wọ abẹ́ rẹ̀. Abala 276 ní tirẹ̀ ò gba àríyànjiyàn: kò sẹ́ni tó lè fi àdéhùn gba ìdáríjì sílẹ̀ ṣáájú fún ibi tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe.

Ní báyìí, kí n tó ka ìwé àdéhùn oníbàárà mi, màá bi í pé: ta ló kọ ọ́? Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ fọwọ́ sí i? Kí ni wọ́n ní yóò ṣẹlẹ̀ tẹ́ ẹ bá kọ̀? Ìdáhùn ti ìkẹyìn yìí ni mo kọ́kọ́ máa ń kọ sílẹ̀.