Iye Tí Wọ́n Kọ Síwájú Orúkọ Mi

Ní oṣù kẹta ọdún 2005, ọ̀gá ẹ̀ka báńkì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, ní Ìbàdàn, pín ìwé pélébé kọ̀ọ̀kan fún àwa mẹ́fà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sí ẹ̀ka marketing, àwọn tí ń wá oníbàárà tí yóò kó owó wá pamọ́ sí báńkì. Orúkọ mi wà lára tèmi, mílíọ̀nù 30 náírà ló sì wà níwájú rẹ̀, èyí tí mo gbọ́dọ̀ kó wọlé kí oṣù tó parí. Ọmọ ọdún 24 ni mí nígbà náà, n kò sì tíì fi ojú kan mílíọ̀nù kan rí láyé mi. Márùn-ún nínú àwa mẹ́fà ni obìnrin, gbogbo ọ́fíìsì ló sì mọ ìdí rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ jáde.

Ní oṣù keje ọdún 2004 ni Charles Soludo, tí ó jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀, ti kéde pé owó ìpìlẹ̀ báńkì kọ̀ọ̀kan, tí ó jẹ́ bílíọ̀nù 2 náírà, gbọ́dọ̀ di bílíọ̀nù 25 kí ọdún 2005 tó parí. Báńkì 89 ló wà nígbà tí ó kéde rẹ̀. 25 ló ṣẹ́ kù nígbà tí ọdún 2006 fi wọlé, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tí kò lè dá kó iye náà jọ ti bá òmíràn dàpọ̀. Owó ìpìlẹ̀, ìyẹn owó àwọn tí ó ni báńkì fúnra wọn, yàtọ̀ sí owó tí oníbàárà ń kó wá pamọ́, ṣùgbọ́n báńkì tí ó bá fẹ́ bá òmíràn dàpọ̀, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n gbé òun mì, kò ní fẹ́ kí wọ́n bá òun ní ọwọ́ òfo. Bí ẹrù náà ṣe kúrò lórí àwọn olùdarí tí ó bọ́ sórí ọ̀gá ẹ̀ka nìyẹn, tí ọ̀gá ẹ̀ka náà sì sọ ọ́ ka àwa ọmọbìnrin lórí.

Agbaṣẹ́ṣe kan wà tí owó ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún. Ó ní kí n wá gba ṣẹ́ẹ̀kì ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní aago mẹ́jọ alẹ́. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi, mo rò pé yóò bínú nítorí mi. Ohun tí ó sọ ni pé, “Ìwọ ṣáà lọ, kí o bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa.” Mo dé ẹnu géètì òtẹ́ẹ̀lì náà. Ọlọ́kadà tí ó gbé mi wá ṣì ń wá ṣéńjì tí mo fi ní kí ó gbé mi padà sílé. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n fún mi ní kúẹ́rì pé iṣẹ́ mi kò kún ojú òṣùwọ̀n.

Ọ̀sẹ̀ tí mo gba kúẹ́rì yẹn ni mo wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà Gbági tuntun, mo sì yà sí ṣọ́ọ̀bù Alhaja kan tí ó ń ta àǹkárá àti léèsì. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ó ń ká àǹkárá lórí itan, tí ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ojú ìṣẹ́po rẹ̀ kí ó lè gún régé. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ọmọ mi, owó lo wá gbé. O ò tilẹ̀ bi mí bí ọjà ṣe ń tà.”

Mo padà lọ ní ọjọ́ kejì láìmú fọ́ọ̀mù kankan dání, mo sì jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ tí ìwé ẹ̀rí mi ní mo ti mọ̀. Mo rí i pé owó máa ń kún ọwọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta ṣáájú Iléyá àti Kérésìmesì, pé ó sì máa ń gbẹ nígbà tí wọ́n bá lọ kó ọjà ní Balógun, ní Èkó. Mo rí alájọ tí ó ń yíká lójoojúmọ́, tí ó ń fàmì sí káàdì, tí yóò sì mú owó ọjọ́ kan péré nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin wọ̀nyí kò kọ̀ láti fi owó pamọ́ rárá. Báńkì ló ń ní kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù ní aago méjì ọ̀sán, nígbà tí oníbàárà ń rọ́ wọlé, kí wọ́n wá tò sórí ìlà ní Dùgbẹ̀. Mo bẹ ọ̀gá mi títí ó fi gbà kí akápò kan àti ọkọ̀ báńkì máa bá mi lọ sí Gbági ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kí Iléyá tó dé, ṣọ́ọ̀bù 41 ló ń bá wa ṣe. N kò kó mílíọ̀nù 30 wọlé lóṣù kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí òkìkí kàn pé báńkì wa kò ní lè dá dúró, tí àwọn agbaṣẹ́ṣe sì ń kó owó wọn jáde lójoojúmọ́, owó Gbági kò yẹ̀. Alhaja ti sọ fún wọn pé bí nǹkan bá bàjẹ́, ọmọ aago mẹ́rin yóò wí.

Ọ̀rọ̀ Alhaja yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí Àlímọ̀tù Pẹlẹ́wùrà, ẹlẹ́ja ọjà Eréko, tí ó darí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà ní Èkó títí ó fi kú ní ọdún 1951. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí Captain Pullen máa fi iye lé oúnjẹ, títí kan gàrí. Iye tí ó fi lé e kò tó iye tí àwọn obìnrin náà fi ń rà á. Pẹlẹ́wùrà kò lọ sí ilé ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò yẹn ju àwọn tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ lọ, ó sì bá wọn fà á títí ètò náà fi parí ní ọdún 1945. Olórí marketing ni mo kà á sí, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó pè é bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó wúwo jù fún mi láti kọ nìyí. Ní ọdún 2011, ní ibi iṣẹ́ mìíràn, wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn marketer mọ́kànlá. Àwọn tí ó wà lókè fún mi ní iye kan, mo pín in sí mọ́kànlá, mo sì kọ orúkọ sí i, bí wọ́n ṣe ṣe é fún mi. N kò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn jókòó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ọmọbìnrin kan kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìwé náà kò ju ìlà méjì lọ, kò sì dá mi lẹ́bi, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún mi pé oníbàárà kan ló ń dà á láàmú, àti pé ó rò pé bí òun bá sọ fún mi, màá ní kí òun ṣáà lọ. Mo wá a lọ sílé láti tọrọ àforíjì. Ó dárí jì mí, ṣùgbọ́n kò padà sí iṣẹ́ náà.

Láti ọjọ́ náà, kò sí marketer mi, ọkùnrin tàbí obìnrin, tí ń dá lọ bá oníbàárà lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kò sì sí iye tí ń wọ ìwé kí èmi àti ẹni tí yóò gbé e tó jọ jókòó. Inú mi dùn gan-an nígbà tí wọ́n fi Yemisi Edun, Miriam Olusanya àti Nneka Onyeali-Ikpe jẹ olórí báńkì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ọdún 2021 kan náà, nítorí ní Dùgbẹ̀ ọjọ́sí, obìnrin tí ó ga jù tí mo rí ni igbákejì ọ̀gá ẹ̀ka. Síbẹ̀, ìwé pélébé tí a ń fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lánàá ni èmi fi ń wọn bí a ti rìn jìnnà tó, ọ̀ranyàn ni fún gbogbo àwa tí a ti dé ipò láti wò ó dáadáa.

Ilé-iṣẹ́ tí ó ń pín ẹ̀rọ POS ni mo wà báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ń to iṣẹ́ ọdún tí ń bọ̀, ọmọbìnrin tí ó ń mójú tó Ìbàdàn sì fa igi lé iye tí mo kọ, ó kọ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí tèmi. Ó ní ọjọ́ mẹ́tàdínlógún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ń ná ọjà aṣọ òkè ní Òjé, pé ìṣirò olóṣooṣù mi kò bá ìtàdínlógún wọn mu. Mo ní kí ó fi ọjọ́ ọjà tí ó kàn hàn mí. Ó ti kọ gbogbo wọn sẹ́yìn ìwé náà, láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, pẹ̀lú bírò pupa.