Ohun tí ẹ jọ ra, ẹ má dá parí rẹ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́jọ́ tí mo pa Trevor

Ọ̀sẹ̀ méjì péré lọ̀rọ̀ yìí, ó sì ṣì ń dùn mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá GTA V, géèmù olè jíjà tí Trevor wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹnì kejì ni mò ń kọ ọ́ sí, bóyá àbúrò yín, bóyá ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ ń gbé yàrá kan, tí ẹ jọ da owó ra ẹ̀rọ, tí ẹ sì ń gba páàdì tí a fi ń gbá a lọ́wọ́ ara yín. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: míṣọ̀n kan, ìyẹn iṣẹ́ kan nínú géèmù, fún mi, míṣọ̀n kan fún ọ, ẹni tó bá kú á gbé páàdì sílẹ̀.

Èmi àti àbúrò mi ni. Ilé wa kò jìnnà sí Tákíè, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ń tún fóònù ṣe, òun ń lọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù bó bá ti ilé ìwé dé. Nígbà tí a fẹ́ ra ẹ̀rọ géèmù PS3 tòkunbọ̀, 40,000 náírà ló kà lé mi lọ́wọ́ nínú owó búlọ́ọ̀kù rẹ̀, sìmẹ́ǹtì ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Mo fi ìyókù kún un. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan tèmi nìkan ni mo fọwọ́ ara mi bà jẹ́.

Ẹ̀yin tí GTA San Andreas tọ́ dàgbà bíi tèmi, èyí tó jáde lọ́dún 2004, ẹ mọ̀ pé CJ nìkan ni ákítọ̀ ibẹ̀, ìyẹn ẹni tí à ń darí, ákítọ̀ kì í sì í kú. Ṣùgbọ́n GTA V tí wọ́n gbé jáde ní 17 September 2013 kó ákítọ̀ mẹ́ta lé wa lọ́wọ́: Michael, Franklin àti Trevor. Ẹ ó tẹ bọ́tìnnì, kámẹ́rà á fò sókè bí àṣá, á ré kọjá lórí Los Santos, ìlú inú géèmù náà, á wá balẹ̀ sórí ẹlòmíràn níbi tó ti ń ṣe ayé tirẹ̀. Ẹ lè bá Michael nínú ilé ńlá rẹ̀ tó ní odò ìwẹ̀. Ẹ lè bá Franklin níbi tó ti ń mú Chop ajá rẹ̀ rìn. Trevor ní tirẹ̀, ẹ lè bá a lórí òkè, tó wọ aṣọ obìnrin, tí ọtí ò tíì dá lójú rẹ̀.

Ta wá ni ákítọ̀ gangan nínú wọn? Ìyẹn la fi ń jẹun alẹ́ nílé wa. Bàbá onílé wa, tí kò fọwọ́ kan páàdì rí, Michael ni tirẹ̀. Wọ́n ní ọkùnrin tó ti jalè tán, tó ní òun fẹ́ sinmi, tí ìyàwó ò gbádùn rẹ̀, tí ọmọ méjèèjì ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ó yẹ kéèyàn káàánú rẹ̀. Èmi, Franklin ni mo fẹ́ràn látìbẹ̀rẹ̀, mi ò sì tíì yí ohùn padà. Ọmọ tó ń bá oníṣòwò mọ́tò lọ gba mọ́tò padà lọ́wọ́ àwọn tó jẹ gbèsè, tó ń gbé ilé àǹtí rẹ̀ tí kò fẹ́ rí i, tó kàn fẹ́ kúrò ní títì kó di èèyàn. Èmi náà mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá sì wà nínú mọ́tò, ó lè jẹ́ kí gbogbo ayé rọra máa lọ kó lè gé kọ́nà. Kò sí ẹni tó ń wakọ̀ tó o nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àbúrò mi, Trevor ni. Trevor láàárọ̀, Trevor lálẹ́. Mo máa ń sọ fún un pé wèrè ni, apànìyàn ni, ẹ wo bó ṣe pa Johnny lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ yọjú. Á dá mi lóhùn pé, “Bùọ̀dá mi, òun nìkan ni kò dalẹ̀ ọ̀rẹ́.” Ẹ ò sì lè jiyàn yẹn. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Trevor fi ń ṣọ̀fọ̀ Michael, tó rò pé ó ti kú nínú olè tí wọ́n lọ jà ní North Yankton, àṣé Michael ti bá agbófinró dòwò pọ̀, ó sì ti yí orúkọ padà. Lọ́jọ́ tí Trevor padà lọ gbẹ́ sàréè yẹn nínú yìnyín, tó rí i pé Brad, ẹnì kẹta tí wọ́n jọ lọ ja olè yẹn, ni wọ́n sin síbẹ̀, àbúrò mi ò sọ̀rọ̀ títí a fi pa tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni.

Òótọ́ ni pé mi ò fẹ́ràn Trevor, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn bú mi. Míṣọ̀n tí wọ́n ti ní ká fi páná àti iná bátìrì fìyà jẹ ọkùnrin tí wọ́n dè mọ́ àga yẹn, mi ò rò pé ó yẹ kí wọ́n gbé e síbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn lókè òkun náà ló sì ta kò ó nígbà tí géèmù náà jáde. Àbúrò mi gan-an kọjú sí ògiri. Ṣùgbọ́n òun náà ló rán mi létí pé lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, Trevor ló gbé ọkùnrin yẹn lọ sí pápákọ̀ òfuurufú kó lè sá lọ. Mo gbọ́. Mi ò kàn fi ṣe nǹkan kan ni.

Ó wá di ọjọ́ tí wọ́n ránṣẹ́ pè é láti Ọ̀yọ́, pé kó wá ran màmá wa àgbà lọ́wọ́ lórí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe láfún. Ọ̀sẹ̀ kan ni. Ó ti gbé báàgì kọ́ èjìká, ó tún padà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà: “Bùọ̀dá mi, ẹ dúró dè mí o. Ẹ má parí ẹ̀.”

Mo ní, “Mo ti gbọ́.”

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n mú iná wá ní agogo méje, kò sì lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àdúgbò wa mọ̀ pé irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wà ní yàrá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH mẹ́ta tí mo tún fóònù wọn ṣe náà ti Under G wá. Mo ní ká kàn gbá díẹ̀. A kó wúrà tó wà ní Union Depository, olè tó gbẹ̀yìn nínú géèmù náà, gbogbo ilé pariwo. Lẹ́yìn ìyẹn ni Devin Weston, olówó kan tó jẹ́ ọ̀tá wọn, wá bá Franklin nílé rẹ̀, ó ní kó lọ pa Michael. Àwọn FIB, agbófinró inú géèmù náà, sì ti ní kó pa Trevor. Franklin gbé fóònù jáde, ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀: A, pa Trevor, B, pa Michael, C, Deathwish.

Mo fẹ́ kí ẹ rí yàrá yẹn bó ṣe rí. Èèyàn méje, fèrèsé kan, ooru. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ka ti C sókè, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀mí gbogbo wọn á lọ. Wọ́n gbà á gbọ́. Èmi náà gbà á gbọ́, torí ọmọ yunifásítì ló sọ ọ́. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, “A! A! Pa wèrè yẹn!” Ẹnì kan tún ké láti ẹ̀yìn pé, “Bùọ̀dá, ẹ yára o, wọ́n máa mú iná lọ!” Ọ̀rọ̀ iná yẹn ló mú mi jù lọ. Bí iná bá lọ níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé a ó tún ja gbogbo olè yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àtàǹpàkò mi ti wà lórí bọ́tìnnì. Ohùn àbúrò mi sì ń dún létí mi kedere, bí ìgbà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo tẹ A.

Trevor wá bá Franklin torí pé Franklin ló pè é. Ó wá torí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é. Nígbà tó rí i pé ikú rẹ̀ ni, ó sá wọ mọ́tò, mo lé e, Michael náà yọ láti ibìkan, ó fi mọ́tò gbá a lọ kọlu táǹkì epo. Epo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Trevor dìde nínú rẹ̀, epo rin ín láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń bú wọn, ó ń sọ fún Michael pé ọ̀dàlẹ̀ ni láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ló ń sọ. Iná sọ. Ó pẹ́ kó tó dákẹ́.

Àwọn ọmọ náà patẹ́wọ́, wọ́n ní àwọn ń lọ jẹ àmàlà. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, èmi nìkan ló kù ní yàrá, iná ò sì lọ. Títí ilẹ̀ fi mọ́, iná yẹn ò lọ.

Mo tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń pààrọ̀ ákítọ̀. Michael wà, Franklin wà, kò sí bí mo ṣe fẹ́ yan Trevor. Mo wá ibi tí a séèfù rẹ̀ sí tẹ́lẹ̀, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ti ń tọ́jú ibi tí a bá gbá a dé, ọ̀kan ṣoṣo ni mo bá. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ la fi ń séèfù, ó sì ti fi èyí tó gbẹ̀yìn bo gbogbo ohun tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo gbìyànjú láti tún míṣọ̀n àtijọ́ gbá láti inú mẹ́nù. Trevor á wà nínú rẹ̀, á máa sọ̀rọ̀, bí míṣọ̀n yẹn bá sì ti tán, ẹ̀rọ á dá mi padà sí ìlú tí kò sí Trevor.

Ọjọ́ Àìkú làbúrò mi dé. Ó gbé àpò láfún tí màmá àgbà fi rán an sílẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó tan ẹ̀rọ. Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo fojú sórí fóònù oníbàárà kan tí mo ti tú palẹ̀. Mo gbọ́ tó tẹ bọ́tìnnì. Ó tún un tẹ̀. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí páàdì, ó fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nù ún, ó tún un tẹ̀.

“Bùọ̀dá mi, páàdì yìí ti ń bàjẹ́ o. Kò mú Trevor.”

Mi ò dáhùn. Ó tún tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ló yíjú wò mí, ó sì yé e. Kò pariwo, torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí. Ó gbé páàdì sórí tábìlì, ó da ojú rẹ̀ délẹ̀, ó wọ sálúbàtà, ó lọ síbi búlọ́ọ̀kù, lọ́jọ́ Àìkú tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń kí mi ní “Ẹ káàárọ̀” àti “Ẹ kú alẹ́” nìkan.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ojú mi ni orí ọmọ ṣe wọ́.

Ohun tí mo kọ́ rèé. Ẹ má fi séèfù sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ẹ lọ sórí bẹ́ẹ̀dì ákítọ̀ yín, tàbí kí ẹ lo fóònù ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ séèfù sí àyè ọ̀tọ̀, pàápàá kí ẹ tó fọwọ́ kan olè tó gbẹ̀yìn. Àyè wà níbẹ̀ dáadáa. Ká ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò ní máa kọ èyí.

Ẹ yan C. Kì í ṣe ikú gbogbo wọn. Míṣọ̀n tó le ni, Franklin máa ko àwọn ọ̀tá wọn lójú dípò kó pa ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń yè é. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ní A ló bọ́gbọ́n mu torí ìwà Trevor. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ yan C.

Ẹni tí kò dá owó ra ẹ̀rọ, ẹ má jẹ́ kó bá yín tẹ bọ́tìnnì. Àwọn tó pariwo A lọ́jọ́ yẹn, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rántí mọ́. Mo bi ọ̀kan léèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, “Trevor wo?”

Ṣùgbọ́n ká ní C ni mo yàn, ká ní mo séèfù sọ́nà mẹ́wàá, ohun tó dun ọmọ yẹn ṣì máa dùn ún. Ó ní kí n dúró, mo ní mo ti gbọ́, mi ò sì dúró. Ohun tí ẹ bá jọ bẹ̀rẹ̀, ẹ dúró de ara yín kí ẹ jọ parí rẹ̀. Iná ìbáà lọ, kó lọ. Ẹni tó bá ń sọ pé géèmù lásán ni, kó wá ṣàlàyé 40,000 náírà búlọ́ọ̀kù fún mi. GTA VI tó ń bọ̀, ákítọ̀ méjì ló ní, Jason àti Lucia. Mo ti sọ fún àbúrò mi pé bí Ọlọ́run bá jẹ́ ká rí i rà, mi ò ní tan ẹ̀rọ yẹn bí kò bá sí nílé.

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó gbà. A ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, a sì ti bẹ̀rẹ̀ láti inú yìnyín North Yankton. Lálẹ́ àná a ti ja olè ilé ìtajà ohun ọ̀ṣọ́ tán, a sì dé ibi tí Trevor ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n nínú ilé jákujàku rẹ̀, tó kọ́kọ́ fura pé Michael ò kú. Kí kámẹ́rà tó balẹ̀ sórí rẹ̀, mo ti na páàdì sí àbúrò mi.