40 ìṣẹ́jú olùkọ́ tó ń bọ̀

Láàárọ̀ yìí, ẹ̀yìn kíláàsì Prámárì 4 ni mo jókòó sí, tí akẹ́kọ̀ọ́ NCE (ìwé ẹ̀rí olùkọ́) kan tó wà lẹ́nu TP, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìdá. Ó múra dáadáa, ohùn rẹ̀ sì já gaara. Ṣùgbọ́n èròńgbà àkọ́kọ́ nínú lesson note rẹ̀ ni pé “àwọn ọmọ yóò mọ ìdá.” Kí ni yóò fi dá a mọ̀ pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n? Ohun tí ojú lè rí ni kí ẹ máa kọ: “ọmọ yóò lè pín ọsàn kan sí mẹ́rin ọgbọọgba, yóò sì kọ 1/4 sílẹ̀.” Ìgbà yẹn ni ìbéèrè ìparí ẹ̀kọ́ máa bá èròńgbà mu.

Àkókò ló tún bà á jẹ́. Nínú 40 ìṣẹ́jú, ìbẹ̀rẹ̀ nìkan gba 15. Agogo lù kí ọmọ kankan tó dáhùn ìbéèrè. Ìṣẹ́jú 5 tó fún ìbẹ̀rẹ̀ o! Ẹ fi 10 tó kẹ́yìn sílẹ̀ láti yẹ òye wọn wò. Bí ẹ bá ń kọ̀wé sójú pátákó, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má kọ ẹ̀yìn sáwọn ọmọ.

Ti ìwé àṣẹ ńkọ́? Ìwé ẹ̀rí NCE nìkan kò tó. Ẹ ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń fún olùkọ́ ní ìwé àṣẹ ní Nàìjíríà. Ẹni tí digirì rẹ̀ kì í ṣe ti ìmọ̀ ìkọ́ni, PGDE, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìkọ́ni lẹ́yìn digirì, ni kó kọ́kọ́ lọ ṣe. Kí orúkọ yín sì bára mu lórí gbogbo ìwé kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀.