Ẹ má sanwó ilé tán kí òjò tó rọ̀ lé e lórí

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ sáìtì, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ilé àkọ́kọ́ yín náà, ẹ súnmọ́ ibí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ wo ilé tuntun kan ní Mọ́níyà n'Ìbàdàn, ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ mi ló bójú tó o, wọ́n ti kunlé, táìsì ń dán, oníilé ti sanwó, ọmọ náà sì ti fọwọ́ síwèé pé iṣẹ́ parí. Mo lóṣòó, mo fi ìdí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi kan táìsì pálọ̀, ibì kan dún le, ibòmíì ń dún ko ko ko, abẹ́ ẹ̀ ṣófo, wọn ò tẹ́ sìmẹ́ǹtì dé igun. Mo ní ṣé o kàn án báyìí kó o tó fọwọ́ sí i? Ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ó dán kẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí.

Mi ò ní máa sọ fún yín pé kí ẹ yẹ ìwé ilẹ̀ wò, kí ẹ gba àpúrúfù pláànù, kí ẹ má fi bíríkìlà lásán kọ́ ilé alájà, ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kó wọ̀ yín létí ò ju kan lọ: nínú ilé, gbogbo nǹkan tí wọ́n máa bò mọ́lẹ̀, ẹ rí i, ẹ dán an wò kí wọ́n tó bò ó, ẹ sì di owó díẹ̀ mú lọ́wọ́ yín títí òjò fi máa dán ilé yẹn wò.

Àkọ́kọ́, irin. Irin 12mm tó gùn ní mítà 12 yẹ kó wọn bíi kílò 10.7, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tà á fi máa ń ka 93 fún tọ́ọ̀nù kan. Àmọ́ tí irin bá tín-ín-rín, tí ọ̀kan ò ju kílò 8 lọ, tí wọ́n sì ka 93 náà fún yín, kílò 744 lẹ gbà, ẹ ti fi kílò tó lé ní 250 sílẹ̀ fún ẹni tó tà á, àti pé dẹ́kìn tí ẹ máa fi irin yẹn dà, abẹ́ ẹ̀ lẹ máa sùn o. Ẹ gé mítà kan péré, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n kékeré, ó yẹ kó súnmọ́ gíráàmù 890. Tó bá jẹ́ 600 àti díẹ̀, 10mm ni wọ́n tà fún yín lórúkọ 12. Kò gba wákàtí, kò gba sáyẹ́ǹsì, síbẹ̀ mélòó nínú yín ló ń ṣe é?

Ìkejì, sìmẹ́ǹtì. Láti 2014 ni SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ti là á sílẹ̀ pé sìmẹ́ǹtì tí òǹkà agbára rẹ̀ jẹ́ 32.5 wà fún ká fi rẹ́ ògiri, 42.5 ni fún búlọ́ọ̀kù, pílà, bíìmù àti dẹ́kìn. Ara àpò ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹ kà á. Tí wọ́n bá sì ti da kankéré tán, ẹ máa bomi rin ín, ó kéré tán ọjọ́ 7, ẹ má jẹ́ kí lébúrà kankan sọ fún yín pé ó ti gbẹ. Àwọn bíríkìlà kan fẹ́ràn kí kankéré máa ṣàn kó lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti tẹ́, omi àpọ̀jù yẹn ló ń jẹ agbára rẹ̀.

Ìkẹta ni omi, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n mi fún yín.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, nọ́ọ̀sì ni ní Ìlú Ọba, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe jù, owó iṣẹ́ alẹ́ yẹn ló fi ra ilẹ̀ ní Ológunẹ̀rú, ó fẹ́ kọ́ ilé alájà kan kí màmá wa lè kó síbẹ̀ kí wọ́n tó darúgbó jù. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló mú kọngílá wá fún un. Èmi ni ẹ̀ńjíníà nínú ẹbí, gbogbo ayé mọ̀, àmọ́ kò gbé e fún mi, mi ò sì béèrè, mo ní kí n ṣáà máa yọjú síbẹ̀. Kọngílá ní òun máa ṣe òrùlé párápẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń gbé ògiri sókè yíká kí páànù má hàn níta, tí omi òjò á wá máa ṣàn sínú gọ́tà kankéré tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn. Ó rẹwà, mi ò jiyàn. Mo bi í pé níbo lomi máa gbà jáde, páìpù mélòó, báwo lo ṣe mú kí gọ́tà yẹn dagẹ̀rẹ̀, kí lo fẹ́ tẹ́ sínú ẹ̀ kómi má baà wọnú ògiri? Ó ní "Ẹ̀ńjíníà, ẹ fọkàn balẹ̀."

Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi lórí WhatsApp, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé gọ́tà yìí máa jò. Kọngílá ti pè é ṣáájú mi. Ó ti sọ fún un pé ìlara ló ń dà mí láàmú torí wọn ò gbéṣẹ́ fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi wá pè mí, ó ní "Àbúrò mi, jọ̀ọ́, jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ẹ̀." Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ìyá ẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ mi sílé, mi ò dé sáìtì yẹn mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí, mi ò ní purọ́.

Kọngílá ń fi fídíò ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń wò ó, inú ẹ̀ ń dùn. Ẹni tó mú fóònù dání ló mọ ibi tó fẹ́ kẹ́ ẹ rí, ẹ rántí ìyẹn. Oṣù Kejìlá ló wálé, ilé ti parí, ọyẹ́ ń fẹ́, ibi gbogbo gbẹ táútáú, wọ́n ṣe ìṣílé, wọ́n jó, ó sì san gbogbo owó tó kù fún kọngílá lọ́jọ́ yẹn, títí dé kọ́bọ̀. Ilé wo ló máa ń jò nínú ọyẹ́?

Òjò àkọ́kọ́ dé, kò sí nǹkan kan. Ìgbà tó di oṣù Kẹfà, ẹ mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ n'Ìbàdàn nígbà yẹn, màmá pè mí láàárọ̀ pé POP pálọ̀ òkè ti pọ́n. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti já bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. Ògiri yàrá tó kángun sí ẹ̀yìn ń wú, ọ̀dà ń ṣí. Nísàlẹ̀ náà, abẹ́ balùwẹ̀ òkè ń kán tó, tó, tó sórí àga. A pe kọngílá, ó ní òjò ọdún yìí ló pọ̀. A tún pè é, ó ní oníṣẹ́ páànù ló bà á jẹ́. Nígbà tó yá kò gbé ìpè mọ́.

Mo gun òkè lọ fúnra mi. Omi dúró nínú gọ́tà yẹn, ẹ̀fọn ti ń yé sínú ẹ̀. Mo gbé lẹ́fẹ̀ẹ́lì lé e, ibi tí páìpù wà ga ju ibi tómi dúró sí lọ, a jẹ́ pé inú ilé ni wọ́n mú kí gọ́tà dagẹ̀rẹ̀ sí. Páìpù méjì péré ni fún gbogbo òrùlé, ìǹṣì méjì-méjì. Ọ̀kan ò tiẹ̀ gbomi rárá. Mo fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ha inú ẹ̀, ohun tó jáde wá ni bébà àpò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fún pọ̀, wọ́n fi dí ẹnu páìpù kí yanrìn má baà bọ́ sínú ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń rẹ́ ògiri, kò sẹ́ni tó rántí yọ ọ́. Òǹkà 32.5 ṣì hàn lára ẹ̀ kedere. Kò sí membrane kankan lábẹ́, ìyẹn ìtẹ́ tí kì í jẹ́ kómi wọlé, wọ́n kàn fi sìmẹ́ǹtì dán an, wọ́n fi ọ̀dà kùn ún. Nígbà tí a tú táìsì balùwẹ̀ náà, bákan náà ni.

Ìpàdé ẹbí wáyé, wọ́n mú kọngílá wá. Ó tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìlara yẹn, mo ṣí WhatsApp, mo fi fọ́tò àti déètì hàn wọ́n, ẹnu ẹ̀ wọmi. Àmọ́ kí la rí gbà? Ó ní òun ò lówó lọ́wọ́ mọ́. Kò sí nǹkan tó mú un dúró, owó ẹ̀ ti pé lọ́wọ́ ẹ̀ látinú ọyẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi padà sí Ìlú Ọba lọ fi iṣẹ́ alẹ́ kún iṣẹ́ alẹ́, ká lè tún ilé tuntun ṣe. Ó ti bẹ̀ mí, mo sì ti gbà, ti òun ti tán. Ti kọngílá yẹn ò tíì tán nínú mi, ó ṣì ń kọ́lé kiri ìgboro Ìbàdàn, àwọn èèyàn ṣì ń fowó ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun.

Àwa náà la tún un ṣe. A fọ́ gbogbo inú gọ́tà, a tún un dà kó dagẹ̀rẹ̀ sí ẹnu páìpù, a fi ìǹṣì mẹ́rin rọ́pò, a sì lu ihò sára ògiri lókè díẹ̀ pé bí páìpù bá dí, ìta lomi máa tú sí, kí onílé lè rí i kó tó wọlé. A wá tẹ́ membrane oníbitumẹ́ẹ̀nì, a fi iná lẹ̀ ẹ́, a ká a gun ògiri ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kí a tó bo ohunkóhun, a dí páìpù, a da omi kún un, a fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, a sọ̀ sábẹ́, a wo àjà. Ohun tí a ṣe fún balùwẹ̀ náà nìyẹn kí táìsì tó dé ibẹ̀. Láti ìgbà yẹn, òjò ń rọ̀, màmá ń sùn.

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bí wọ́n bá pè yín ní onílara, ẹ jẹ́ kí wọ́n pè yín, ẹ ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀, kí fọ́tò àti déètì wà ńbẹ̀. Bíríkìlà gidi wà o, mo mọ ọ̀kan ní Apẹ́tẹ́ tó máa wó ògiri tóun fúnra ẹ̀ mọ tó bá rí i pé kò tọ́, kò ní dúró kẹ́nikẹ́ni sọ̀rọ̀. Irú wọn kì í bínú tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ dán iṣẹ́ wò. Àwọn tó máa ń bínú ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Ó sì ń yà mí lẹ́nu pé àwọn tó kàwé nínú yín ló ń bẹ̀rù kọngílá jù, ẹ̀ ń pè é ní dádì, ẹ̀ ń fọwọ́ síwèé fún un.

Lórí owó: níbi iṣẹ́ ńláńlá, wọ́n máa ń di 5 nínú 100 mú, retention ni wọ́n ń pè é, oṣù 6 tàbí 12 ni wọ́n fi ń dì í mú, ẹni tó ṣiṣẹ́ ló sì máa wá tún ohun tó bá bàjẹ́ láàárín ìgbà yẹn ṣe kó tó gbà á. Kí ló dé tí ti ilé màmá wa ò fi ní rí bẹ́ẹ̀? Bí iṣẹ́ bá jẹ́ mílíọ̀nù 40, mílíọ̀nù 2 máa wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá dé orí táìsì kẹ́ ẹ tó dárúkọ ẹ̀, ìjà ló máa dà. Tó bá parí nínú ọyẹ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ oṣù 12.

Ẹni tó bá ń lọ gba kọ́kọ́rọ́ láìpẹ́ yìí, kó ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi lẹ́ẹ̀kan náà, kó kan táìsì yàrá kọ̀ọ̀kan, kó gun òkè lọ wo gọ́tà, kó da omi sí i. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tí ògiri ti là, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ìparí ẹ̀, ẹ kọ déètì síbẹ̀. Bó bá tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, tí kò sì kọjá ìlà yẹn lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ara sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ni, ẹ tún un kùn. Àmọ́ bó bá là gba ìdábùú láti igun fèrèsé, tó ń fẹ̀ sí i, tí ilẹ̀kùn tó ń tì tẹ́lẹ̀ ò wá tì mọ́, ẹ má pe akunlé o, ẹ̀ńjíníà ni kẹ́ ẹ pè, lọ́jọ́ náà.