Ààlè Tí Wọ́n Fi Símẹ́ǹtì Ṣe: Ọjọ́ Méjì Mi ní Òṣogbo

Aṣọ ayédèrú ló gbé mi dé Òṣogbo. Mo ra àdìrẹ ọ̀pá márùn-ún lọ́wọ́ obìnrin kan nílùú Ìbàdàn, ó sì fi orí ìyá rẹ̀ búra fún mi pé ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, omi rẹ̀ mọ́ kedere. Inú mi dùn, mo ní aṣọ gidi rèé, aró rẹ̀ kì í ṣí. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló bà mí nínú jẹ́. Wọ́n kàn yí aṣọ náà sódì ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣá bí ìgbà tí oòrùn ti pa á lọ́dún mẹ́wàá. "A dì í, a rẹ ẹ́, òun là ń pè ní àdìrẹ. Èyí tó o rà yìí, ta ló dì í? Inú ìkòkò ta ni wọ́n ti rẹ ẹ́? Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, Ṣáínà ló ti wá." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n wá ní tí mo bá fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ aṣọ, kí n gba Òṣogbo lọ, ìlú aró.

Ọjọ́ Ajé ni mo gbéra. Mọ́tò kò tètè kún ní garéèjì Ìwó Road, ó tó wákàtí kan àbọ̀ tí mo fi jókòó mọ́ ẹrù oníẹrù kí dẹ́rẹ́bà tó ṣáná sí i. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà sú yín. Ìkirè nìkan ni mo fẹ́ dárúkọ, nítorí dòdò. Bí mọ́tò ṣe rọra ni àwọn tó ń tà á ti bò wá: dòdò tó dúdú bí ẹ̀pà jíjóná, tí wọ́n mọ roboto, tí ata ti pa á kú sínú epo. Mo jẹ ẹ́ dé Gbọ̀ngán, mo ń fẹ́ ẹnu mi fùú fùú dé Òdè-Òmu, nígbà tí a máa fi dé Ẹdẹ mo ti mu omi oníke méjì tán.

Ọjọ́ kejì ni mo fi ṣe ti aró. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní kí n lọ kí ẹni tó ni ìkòkò ná. Ọmọ Òṣogbo kan kò sí tí kò mọ ìtàn yẹn: Láróòyè àti Olútìmẹ́hìn, àwọn tó tẹ ìlú náà dó, ń wá ibi tí omi wà, wọ́n dé etí odò, wọ́n gé igi, igi wó sínú odò, ohùn kan sì ké jáde láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun tán. Ọ̀ṣun ni, aláró ni. Mo ti gbọ́ ìtàn náà láti kékeré, àmọ́ inú mọ́tò yẹn ni mo ti kọ́kọ́ rò ó dáadáa. Ohùn àkọ́kọ́ tí ìlú yìí gbọ́, oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń ráhùn, nítorí igi tí wọ́n gé.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé mi láti Ọjà-Ọba dé ẹnu igbó Ọ̀ṣun. Mo gba tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń mú àlejò yípo sì tẹ̀ lé mi. Ìkìlọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́: "Àǹtí, tí ẹ bá ní oúnjẹ lọ́wọ́, ẹ fi pamọ́. Àwọn ọ̀bọ ibí kì í tọrọ." Òótọ́ ni. Mi ò tíì rìn jìnnà tí ọ̀kan fi sọ̀ kalẹ̀, tó wo báàgì mi, tó wo ojú mi, tó tún wo báàgì.

Ohun tó mú mi dúró ni ògiri. Kì í ṣe ògiri tí bíríkìlà ta okùn sí kó lè gún. Ó ń yọ gọngọ, ó ń wọlé, ó ń gòkè bí ẹni tó ń mí, ẹ̀dá oríṣiríṣi sì ń jáde láti ara rẹ̀: ojú ńlá, ọwọ́ gígùn, ẹranko tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Símẹ́ǹtì ni, ó tutù, ewédò tín-ín-rín ti bò ó, àmọ́ lábẹ́ ewédò yẹn, ìka mi bọ́ sínú ipa ìka ẹlòmíràn. Mẹ́ta ni ipa náà, wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, ní ibi tí ẹnìkan ti fi ọwọ́ lásán ra símẹ́ǹtì tútù. Èyí tó wà láàárín gùn ju tèmi lọ.

Ní àwọn ọdún 1950, igbó yìí fẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àwòrò ń kú, ẹni tó máa rọ́pò wọn ti gba ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí lọ, ikán ń jẹ òpó ojúbọ. Apẹja ń dẹ odò, ọdẹ ń yìnbọn, agégẹdú ń gé igi, àwọn tó ń ta ilẹ̀ náà sì ń wò ó bí ológbò ṣe ń wo ẹja lórí àtẹ. Obìnrin tó dúró sí i, òyìnbó ni. Susanne Wenger lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Graz, lórílẹ̀-èdè Austria, níbi tí wọ́n ti bí i ní 1915. Ó bá ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, dé Nàìjíríà ní 1950, ikọ́ àwúgbẹ dá a dùbúlẹ̀, Àjàgẹmọ tó jẹ́ àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ sì mú un wọnú ìsìn. Àdùnní Olórìṣà làwọn èèyàn wá ń pè é. Òṣogbo ló gbé títí ó fi kú ní oṣù kìíní ọdún 2009, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún.

Mo lérò pé mo máa gbọ́ pé ó kọ lẹ́tà sí gómìnà, tàbí pé ó kó èrò jáde. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé àtúnṣe ojúbọ tí ikán jẹ ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lé. Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo ìgbà náà, fọwọ́ sí i, àwọn olórìṣà dúró tì í, ó sì kó oníṣẹ́ ọwọ́ jọ, àwọn tí a máa ń ránṣẹ́ pè tí òrùlé bá ń jò: bíríkìlà, káfíńtà, gbẹ́nàgbẹ́nà. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni. Kàsálí Àkàngbé Ògún ń gbẹ́gi, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí ń gbẹ́ òkúta. Ibi tí wọ́n bá ti rí i pé ewu ń wọlé, wọ́n á mọ ère síbẹ̀. Ibi tí ẹnìkan ti ń wọn ilẹ̀ lónìí, tó bá fi máa padà wá, ògiri ti wà níbẹ̀, ojú ti wà lára ògiri, ojú náà sì ń wò ó.

Mo bi ọmọkùnrin náà pé ṣé agégẹdú ò lè gba ẹ̀gbẹ́ ère kọjá ni. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa kọjá, àǹtí?"

Ibẹ̀ ni mo ti rí orúkọ fún un. Ààlè ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní abúlé á rántí: bàbá àgbà á so ṣùkù àgbàdo àti ìgbálẹ̀ tó ti gé kù mọ́ òkìtì iṣu tàbí ìdí igi ìdáná, á sì bá tirẹ̀ lọ. Kò gbé ajá tì í, kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Ìgbálẹ̀ yẹn kò lè di olè lọ́wọ́ mú. Ohun tó ń sọ ni pé ẹnìkan wà tó ni nǹkan yìí, ó mọ̀ pé o ń bọ̀, ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan kan nítorí rẹ. Gbogbo ère inú igbó Ọ̀ṣun, ààlè ni lójú tèmi. Títóbi ló kàn tóbi.

Ó sì ṣiṣẹ́. Ní 1965 ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun àjogúnbá tí òfin ń dáàbò bò, ní 1992 wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo héktà 75, ní 2005 àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò: ère ló ṣíwájú, òfin ló tẹ̀ lé e.

Ẹlòmíràn á ní ìjà kọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbá ni bàbá mi, mo mọ ìjà tó ń pariwo. Àwọn aláró Abẹ́òkúta dojú kọ Aláké Adémọ́lá Kejì ní àwọn ọdún 1930 nítorí òfin tó fi de aró òyìnbó àti sódà. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin lọ sí ààfin nítorí owó orí, wọ́n sì fi orin bú ọba débi tó fi kó jáde nílùú ní 1948. Ibo ló sá sí? Òṣogbo yìí náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ pé kí wọ́n jókòó kí wọ́n máa ya àwòrán. Tí wọ́n bá ń gba owó lọ́wọ́ rẹ lónìí, ariwo dára. Ṣùgbọ́n igi kò ní ẹnu, ariwo ọjọ́ méje kò sì lè ṣọ́ igi fún ọgọ́ta ọdún. Símẹ́ǹtì lè ṣe é, tí ẹni tó máa tún un ṣe bá wà. Mo rí ibi tó ti sán, tí irin inú rẹ̀ ti yọ síta lápá ère kan. Òjò igbó kò mọ òrìṣà.

Mo rí Ìyá Màpó, òrìṣà tó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, ìkòkò mímọ àti aró rírẹ, pẹ̀lú apá tó tẹ́ gẹrẹrẹ sójú ọ̀run. Mo rí Ilédì, ilé àwọn Ògbóni, òrùlé rẹ̀ nà sókè bí alángbá ńlá tó fẹ́ fò. Lẹ́yìn náà a sọ̀ kalẹ̀ sétí odò, mi ò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Omi náà rí bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Àwọ̀ ilẹ̀ pupa. Mo ti gbọ́ nípa àwọn tó ń wa góòlù lókè odò, lápá Ìjẹ̀ṣà, tí ẹrẹ̀ wọn ń ṣàn wá síbí, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni kéèyàn gbọ́, ọ̀tọ̀ ni kó rí i. Ọmọkùnrin náà ní nígbà tí òun wà ní kékeré, òun máa ń rí ẹja nísàlẹ̀. Obìnrin kan kúnlẹ̀ létí omi, ó ń rọra fi igbá bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà sókè sí oòrùn, ó wò ó, ó dé ìdérí rẹ̀, ó sì gbé e lọ. Ère yí wa ká níbi gbogbo. Mo ń wá ibi tí wọ́n lè so ààlè mọ́ lára omi.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sọ́dọ̀ màmá kan tó ń rẹ aró lẹ́yìn ilé wọn. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ pọ̀ sí i nílùú láti ìgbà tí Nike Davies-Okundaye, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ àdìrẹ, ti dá ibùdó rẹ̀ sílẹ̀ ní 1983, tó ń kọ́ àwọn èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ màmá yìí kò kọ́ ọ níbẹ̀, ìyá wọn ló kọ́ wọn. Wọ́n wo ọwọ́ mi kí wọ́n tó dáhùn ìkíni mi. "Akọ̀wé ni ẹ́."

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n kọ́ mi. Láfún ni wọ́n fi ro ẹ̀kọ náà, wọ́n bu álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, ó ki dáadáa. Ìyẹ́ adìyẹ ni bírọ́ọ̀ṣì. Èèyàn á ti ìyẹ́ bọ inú ẹ̀kọ, á sì fà á lórí aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní wọ ibẹ̀. Ó dà bí ohun tó rọrùn. Fún wákàtí kan gbáko, ìlà tí mo fà kò gún, ó ń kán tó-tó-tó. Màmá fi ìyẹ́ kan náà fa Olókun, ọ̀kan lára ọnà àdìrẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọn ò wo aṣọ, wọ́n ń bá ọmọ-ọmọ wọn tó gbàgbé láti sanwó iná jà lórí fóònù.

Mo ní mo fẹ́ ya odò Ọ̀ṣun. Èrò mi ni pé kí n ya igi àti ẹja, kí n wá fi odò sílẹ̀ láìfi ẹ̀kọ sí i, kí aró lè sọ ọ́ di búlúù. Màmá gba ìyẹ́ lọ́wọ́ mi. "Fi ẹ̀kọ bo gbogbo odò. Funfun ni mo mọ omi yẹn sí. Mo máa ń rí ẹsẹ̀ ara mi nínú rẹ̀." Mo bò ó. A sá aṣọ títí ó fi gbẹ koránkorán.

Nígbà tí a ri aṣọ sínú ìkòkò èlú tí a sì fà á jáde, àwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ ní. Mo ti fẹ́ pariwo pé mo ti bà á jẹ́. "Jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí i." Bí mo ṣe ń wò ó báyìí ló ń dúdú bọ̀, láti etí rẹ̀ wá sáàárín. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún la rì í kí wọ́n tó ní ó tó.

Nírọ̀lẹ́ a fi ọbẹ tí kò mú họ ẹ̀kọ kúrò. Igi mi yọ, ẹja mi náà yọ, ó dà bí bàtà díẹ̀. Odò yọ, ó funfun, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ ti sán láàárín rẹ̀, aró sì ti gba ojú sísán wọlé, ó ya ká bí iṣan ara. Mo gbé e sójú oòrùn tó kù. Màmá fi èékánná tẹ̀ lé iṣan kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"O ò jẹ́ kó nípọn tó níbí. Tó o bá padà wá, ẹ̀ẹ̀mejì ni kó o bò ó."

Mo ti ra láfún.