Ọjọ́bọ̀: Ìṣẹ́jú méje

Aago méjìlá ọ̀sán géérégé la ti àpótí téńdà pa lónìí, ìyẹn àpótí tí àwọn tó fẹ́ gba iṣẹ́ ìjọba ń fi ìwé iye owó wọn sí. Ó di aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú méje, bàbá kan sáré wọlé, aṣọ rẹ̀ rin fún òógùn, àpòòwé ńlá kan wà lábíyá rẹ̀. Ó ní sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ní Nyanya, lẹ́bàá Abuja, ló há òun mọ́.

“Ọmọ mi, ìṣẹ́jú méje péré ni. Bá mi fi sí i.”

Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. “Ẹ má bínú, bàbá. A ti tì í.”

Òfin ìrajà ìjọba ti ọdún 2007 kò fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀. Ìwé tó bá pẹ́, a kò gbọdọ̀ tú u, a máa dá a padà fún ẹni tó ni ín ni. Àwọn agbaṣẹ́ṣe mẹ́fà tó ti jókòó láti àárọ̀ sì ń wò wá. Ká ní mo gbà á, ta ló máa gbà wá gbọ́ nígbà tí a bá ń ka iye owó kálukú sókè?

Síbẹ̀ ó dùn mí, torí mo mọ wàhálà tó wà nínú àpòòwé yẹn: ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta, ẹ̀rí owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, ìwé báńkì.

Fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára la fẹ́ rà fún àwọn ilé ìwòsàn abúlé. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo fi bá àwọn nọ́ọ̀sì jókòó kí a tó kọ bí a ṣe fẹ́ ẹ: kí inú rẹ̀ máa wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ó lè lo iná oòrùn, kí ẹni tó tà á kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa tọ́jú rẹ̀. A kò dárúkọ ilé-iṣẹ́ kankan. Kí a tó polówó rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹnì kan tó jù mí lọ lẹ́nu iṣẹ́ ní kí n gé iṣẹ́ náà sí mẹ́ta, kí ìkankan má bàa dé iye tó ń béèrè ìpolówó. Mo kọ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ó kéré tán, láìsí àǹfààní láti fi owó ìtanràn rọ́pò rẹ̀, ló wà nídìí irú ẹ̀. Mo sì ti rí fíríìjì kan rí ní ilé ìwòsàn abúlé, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Fáìlì aláìsàn ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀.

Nígbà tí a parí, bàbá náà ṣì wà níta. Mo sìn ín dé gééètì. Ó béèrè ìgbà tí a tún máa polówó iṣẹ́ mìíràn, mo ní kí ó máa wo Federal Tenders Journal, ìwé tí ìjọba àpapọ̀ fi ń polówó téńdà.

Ó ní nígbà yẹn, ìlú lòun máa sùn mọ́jú.