Gọ̀gọ̀ akọ kìnnìún

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kọ́kọ́ wo ọrùn akọ kìnnìún kí ẹ tó wo ẹnu rẹ̀. Gọ̀gọ̀ yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hù nígbà tó bá tó bí ọmọ ọdún 1, ó sì máa ń kún tó bá ń lọ sí ọdún 4 tàbí 5. Èyí tí tiẹ̀ dúdú kirikiri ń jẹun kánú, èròjà tó ń sọ ọ́ di akọ sì pọ̀ lára rẹ̀. Abo fẹ́ràn irú rẹ̀, akọ mìíràn a sì máa yàgò fún un. Àmọ́ gọ̀gọ̀ dúdú ń mú ooru! Ní Tsavo, ní Kẹ́ńyà, gọ̀gọ̀ ọ̀pọ̀ akọ kéré, àwọn kan ò tilẹ̀ ní rárá.

Akọ tó dàgbà máa ń wọn kílò 150 sí 250. Tó bá bú ramúramù ní ìdájí, á na orí síwájú, ìhà rẹ̀ á sún kì, èémí á máa rú lẹ́nu rẹ̀ bí èéfín nínú òtútù. Ohùn yẹn lè dé kìlómítà 8.

Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ń pè é ní ọ̀lẹ. Lóòótọ́, ó lè fi wákàtí 20 sinmi lójúmọ́, ṣùgbọ́n òun náà ń dọdẹ, ó ń ba de ẹran nínú igbó dídí. Ìṣọ́ gan-an niṣẹ́ rẹ̀. Àwọn akọ méjì tàbí mẹ́ta, tó sábà jẹ́ ẹbí, lè ṣọ́ agbo kan fún bí ọdún 2 sí 3 kí àwọn mìíràn tó lé wọn. Àwọn tó gbàjọba á wá pa ọmọ kéékèèké tí wọ́n bá nílẹ̀, kí ìyá wọn lè tètè gba akọ.